Ohun tí Mo Rí Lẹ́nu Fẹ́lóṣíìpù ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré kan ní Amẹ́ríkà

Àwọn àbúrò wa tó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà kì í yé béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe di olùkọ́ níbí. Fẹ́lóṣíìpù ni mo bá wọlé, ìyẹn ipò onígbà díẹ̀ tí wọ́n ti ń sanwó fún èèyàn kó lè ráyè ṣe ìwádìí kó sì kọ́ni díẹ̀, irú èyí tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré tó ń kọ́ ọmọ ní oríṣiríṣi ìmọ̀ dípò iṣẹ́ kan ṣoṣo, fi ń wá olùkọ́ láti inú àwọn ẹ̀yà tí wọn kò pọ̀ láàárín àwọn olùkọ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Mo wá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó ṣì ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé owó ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Àkókò ni wọ́n ń fún èèyàn. Àkókò yẹn náà sì ni gbogbo ayé máa ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kété tó bá ti dé ọgbà.

Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti jáde, níbi tí èèyàn ti lè kàwé gboyè kí olùkọ́ mìíràn má sì mọ orúkọ rẹ̀. Yunifásítì ìjọba tí mo lọ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà náà tóbi bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts yàtọ̀ pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ kì í sábà ju 2,000 tàbí 3,000 lọ. Oyè àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń fúnni, nítorí náà kò sí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa rán lọ kọ́ kíláàsì dípò ara rẹ̀. Inú ọgbà ni àwọn ọmọ ń gbé. Kíláàsì lè má tó ogún èèyàn, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, ẹni tí kò bá ka ìwé wá kò ní ibi tó máa forí pa mọ́ sí. Amherst àti Williams ní Massachusetts, Swarthmore ní Pennsylvania, Oberlin ní Ohio, Grinnell ní Iowa, Carleton ní Minnesota, Pomona ní California, irú wọn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní ìlú kékeré tí oko tàbí òkè yí ká, tí èèyàn á wakọ̀ jìnnà kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́. Nírú ibẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa dúró níwájú ọmọ kan láti kọ́ ọ ní ohunkóhun.

Ìtàn ni iṣẹ́ mi. Àwọn Sàró, àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ sí Sierra Leone, tó padà wá sí Abẹ́òkúta, ni mo kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi lé lórí, inú iṣẹ́ náà ni mo sì ti pàdé ọkùnrin kan tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí yé mi ju ìkéde èyíkéyìí lọ. Edward Jones lorúkọ rẹ̀. Charleston ní South Carolina ni wọ́n ti bí i, sínú ìdílé aláwọ̀ dúdú tó wà lómìnira. Ó gboyè ní Amherst lọ́dún 1826, ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ gboyè kọ́lẹ́ẹ̀jì ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́dún kan náà ni John Russwurm gboyè ní Bowdoin, ní Maine. Alexander Twilight ti ṣáájú àwọn méjèèjì ní Middlebury, ní 1823.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti lo ìwé wọn. Russwurm kọjá sí Áfíríkà, ó sì di gómìnà ní apá ibi tó di Làìbéríà lónìí. Jones wọkọ̀ lọ sí Sierra Leone, ó di ọ̀gá àgbà Fourah Bay, ilé ẹ̀kọ́ tí Àjàyí Crowther ọmọ Òṣoogùn ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lọ́dún 1827. Ọ̀pọ̀ àlùfáà àti olùkọ́ tó mú ìwé dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún yẹn, Freetown, olú ìlú Sierra Leone tí Fourah Bay wà, ni wọ́n ti rí ẹ̀kọ́ wọn gbà. Ẹni tí Amherst kọ́ ló wá ń kọ́ àwọn èèyàn wa. Kò sí ẹni tó ní kó dúró ní Massachusetts kó máa kọ́ àwọn ọmọ tibẹ̀. Ọ̀rúndún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1924, Allison Davis, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ṣe ipò kìíní nínú gbogbo àwọn tó gboyè ní Williams. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi Hampton àti Dillard ni òun náà ti rí iṣẹ́ olùkọ́. Ó di 1942 kí Yunifásítì Chicago tó gbà á sọ́dọ̀. Nígbà tí mo ń kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ mi, mo rò pé ìtàn àtijọ́ ni mò ń kọ. Ṣùgbọ́n ní 2018, nínú gbogbo 100 olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àkókò kíkún ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 75 jẹ́ aláwọ̀ funfun, nǹkan bíi 6 péré sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ohun tí àwọn fẹ́lóṣíìpù yìí fẹ́ ṣàtúnṣe nìyẹn. Williams dá tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1985, wọ́n fi sọrí Gaius Charles Bolin, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè níbẹ̀ ní 1889. Ní 1987, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mélòó kan para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Consortium for a Strong Minority Presence at Liberal Arts Colleges, tó wá di Consortium for Faculty Diversity lẹ́yìn náà. Ní 1988, Àjọ Mellon, àjọ kan tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti ìsàlẹ̀: àwọn ọmọ tó ṣì wà lẹ́nu oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ń mú, wọ́n ń tọ́ wọn sọ́nà kí wọ́n lè lọ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Láti 2003 ni ètò náà ti ń jẹ́ Mellon Mays, nítorí Benjamin Mays, ẹni tí wọ́n bí òbí rẹ̀ sínú ẹrú ní South Carolina, tó gboyè ní Bates ní 1920, tó sì darí Morehouse ní Atlanta láti 1940 sí 1967; àárín ìgbà yẹn ni Martin Luther King kàwé níbẹ̀. Bates, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní Maine ni.

Ọ̀nà Consortium ni mo mọ̀ dáadáa, n ó sọ bó ṣe ń lọ. Ipele méjì ló ní. Èkíní wà fún ẹni tó ti ṣe gbogbo ohun tí oyè ọ̀mọ̀wé ń béèrè, tó ku àpilẹ̀kọ nìkan. Èkejì wà fún ẹni tó ti gboyè tán, tí kò sì tíì ju ọdún márùn-ún lọ. Ẹ máa fi ìwé yín ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nínú ẹgbẹ́ náà á lè wò ó, èyí tó bá rí ohun tó ń wá nínú rẹ̀ ló máa kàn sí yín. Kíláàsì kan ní sáà kan ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó bá wọlé kọ́, nígbà tí olùkọ́ tó wà nílẹ̀ ń kọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Owó oṣù ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ lọ́wọ́, owó olùkọ́ ìpele ìsàlẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni wọ́n ń wò. Ti ẹni tó ti gboyè, ti assistant professor, ìpele tí olùkọ́ tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé máa ń kọ́kọ́ wà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Owó díẹ̀ tún wà fún ìwádìí. Wọ́n á fún èèyàn ní ọ́fíìsì nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n á sì yan ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó máa tọ́ ọ sọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìkéde dáadáa kí ẹ tó fi òru yín ṣòfò. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní gíríìnì káàdì ni Consortium ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ti ṣètò káàdì tèmi kí n tó dé ìpele yẹn, ìyẹn ló jẹ́ kí n yẹ fún un. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní fẹ́lóṣíìpù tiwọn lọ́tọ̀ tí òfin rẹ̀ yàtọ̀, ẹ wá wọn rí.

Lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ti ń já bọ́. Ní yunifásítì ńlá, ohun tí àwọn ọ̀gá wa ń kọ́ wa ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí: kí ni àwọn tó ṣáájú sọ, kí lo rí tí wọn kò rí. A máa kọ ojú ìwé kan àti ààbọ̀ lórí ìyẹn, a ó wá fi ìlà mẹ́ta sọ pé a fẹ́ràn láti máa kọ́ni. Ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ń rò ó pé: ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò mọ ibi tí Nàìjíríà wà lórí máàpù, kí ni obìnrin yìí máa bá a sọ ní ọjọ́ Mọ́ńdé àkọ́kọ́? Ohun tí mo kọ nínú tèmi ni kíláàsì kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Mo mú ìwé tí Crowther kọ ní 1837 sí àwọn ọ̀gá ìjọ CMS, níbi tó ti ròyìn àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó Òṣoogùn ní 1821. Mo kọ ohun tí màá ní kí wọ́n kà kí wọ́n tó wá, ìbéèrè tí màá kọ́kọ́ béèrè, ibi tí mo rò pé àríyànjiyàn máa wà, àti ohun tí màá ní kí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó àpilẹ̀kọ mi sọ pé ó ti kéré jù. Kíláàsì yẹn ni àwọn tó gbà mí bi mí léèrè ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibì kan náà tún wà nínú ìwé náà tí wọ́n ti máa ń béèrè ohun tí èèyàn máa ṣe fún oríṣiríṣi ẹ̀yà tó wà nínú ọgbà. Àwọn kan rò pé kí wọ́n ṣáà kọ ìtàn ìyà níbẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí o ti ṣe ni kí o kọ: ọmọ tí o kọ́ tó fẹ́ kùnà, ohun tí o yí padà nínú kíláàsì rẹ, ibi tó já sí. Ẹgbẹ́ Consortium fúnra wọn sọ pé àwọn kò wo ẹ̀yà nìkan, pé àwọn tún ń wá ẹni tó lè fi oríṣiríṣi ìgbé ayé èèyàn ṣe ohun èlò láti kọ́ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n yàn fún mi jẹ́ òyìnbó àgbàlagbà kan, onítàn ilẹ̀ Faransé, tí kò mọ ohunkóhun nípa Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, ó ní kí n gbé sílábọ́ọ̀sì mi wá. Mo ti kó ìwé sí i bámúbámú, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ àti àpilẹ̀kọ méjì lé e. Ó mú pẹ́ńsùlù, kò sọ̀rọ̀, ó ń fa ìlà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló lọ. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Tó bá di oṣù kejìlá, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí ṣì máa rántí?" Mo ní ìwé Crowther. Ó ní, "Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko nígbà náà, kí ẹ má fi nǹkan mìíràn sí i."

A fún un ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Crowther sọ pé àárọ̀ tó dára ni, pé àwọn ń ṣètò oúnjẹ àárọ̀ láìfura, nígbà tí ariwo sọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án pé ọ̀tá ti dé. Mo ti múra láti sọ̀rọ̀ nípa ogun, nípa Ọ̀yọ́ tó ń tú, nípa àwọn tó ń ra ẹrú ní etíkun. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń gbin àgbàdo nawọ́ sókè, ó béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń sè?" Mo ní kí òun àti àwọn yòókù wo ohun tí wọ́n lè rí nínú ìwé náà àti nínú ohun tí a ti kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó lọ pọn omi, ẹni tó lọ sí oko tí kò sí nílé, ìyá tó ní ọmọ lẹ́yìn tí iná sì wà nídìí àdógán. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti iṣu fún wọn. Nígbà tí aago lù, ọmọbìnrin kan sọ pé òun ti ń ka ọ̀rọ̀ òwò ẹrú láti ilé ẹ̀kọ́ girama, pé iye èèyàn àti orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa ń kọ́ àwọn, pé òun kò rò ó rí pé àwọn èèyàn náà ní ilé ìdáná. Kíláàsì èèyàn mẹ́rìnlélógún ní yunifásítì mi àtijọ́ kò lè bá mi dé ibẹ̀, nítorí kò sí àkókò, mo sì ń yára kí n lè dé orí tó kàn.

Àkókò yẹn ni mo ń sọ. Àmọ́ òun náà ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi ń jẹ tán.

Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kankan pé èmi ni màá jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo ọmọ aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ọgbà. Wọ́n ṣáà ń wá ni. Ọmọ tí ẹni tó ń gbé yàrá pẹ̀lú rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí. Ọmọ tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé rẹ̀ tó dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí kò mọ̀ pé èèyàn lè bẹ olùkọ́ pé kó fún òun lọ́jọ́ sí i. Ọmọbìnrin kan láti Maryland, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ nìyẹn. Ó ní òun kò nílò nǹkan kan, òun kàn fẹ́ wo bóyá òótọ́ ni pé mo wà níbẹ̀. Ta ló máa lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà? Mi ò lé e, mo sì dúpẹ́ pé mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí tí mo fi jókòó tì í, wákàtí àpilẹ̀kọ ni. Àwọn ìgbìmọ̀ náà tún wà, nítorí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kan jókòó láàárín àwọn. Àwọn tó ń ya fọ́tò fún ìwé pẹlẹbẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò gbẹ́yìn.

Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ ímeèlì sí gbogbo ọ́fíìsì pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pè mí sí ìgbìmọ̀ tàbí àpérò, kó kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ fún wọn pé rárá, mi ò sì ní í gbọ́ rárá pé wọ́n pè mí. Èmi nìkan kì bá tí lè sọ ọ́, nítorí àlejò ni mí, mo sì ń wá iṣẹ́. Òwúrọ̀ wá di tèmi. Mo máa ń wọ yàrá kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé, láìsí fóònù, màá kọ títí tí ebi á fi pa mí. Orí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn àpilẹ̀kọ mi, ibẹ̀ ni mo ti kọ wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gba irú fẹ́lóṣíìpù yìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn kò rí irú olórí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀, wọ́n yìn ín gan-an, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn níparí ọdún. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà nígbà tó dé. Ó ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí, nítorí ọpọlọ rẹ̀ mú, ohun tí wọ́n sì ní àwọn pè é wá ṣe gan-an ni wọn kò jẹ́ kó ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọmọ Nàìjíríà kì í fẹ́ dá sílẹ̀ láàárín ara wa, mo sì fẹ́ dá a sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan wà nínú ọgbà yẹn, dúdú Amẹ́ríkà, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí òun nìkan jẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú gbogbo ìpàdé olùkọ́. Ó pè mí wá jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ní í fi pa mọ́ fún ọ. Tí wọ́n bá ń ka iye wa, wọ́n á ka ìwọ náà mọ́ wa, inú wọn á sì dùn pé ó pé. Ìyá ìyá mi ṣa òwú ní Mississippi. Àwọn ọmọ irú rẹ̀ ni a torí wọn jà kí wọ́n tó dá àwọn ètò yìí sílẹ̀. Mò ń wò ó bóyá wọ́n ń wọlé." Kò bínú. Ó fi ọ̀dùnkún sínú abọ́ fún mi kí n gbé e lọ ilé.

Mi ò jiyàn, nítorí òótọ́ ni. Ìrìn àjò tèmi kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá mi ń kọ́ni ní girama ní Abẹ́òkúta. Mo bá ọkọ̀ òfuurufú wá. Mi ò tilẹ̀ lè sọ pé ẹbí kan náà ni wá, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún 19, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó wọn lọ. Ọkọ̀ àwọn Portugal ni wọ́n ti Crowther sí kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àwọn dúdú Amẹ́ríkà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, mo sì ń kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, láìfi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Tí ọmọ dúdú Amẹ́ríkà kan bá wà nínú kíláàsì mi tó ń béèrè ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn, èmi ni mò ń kọ ìwé fún un láti wọ Mellon Mays. Tí wọ́n bá sì ń pín àwọn orúkọ níwájú mi, mo máa ń béèrè ohun tí màmá yẹn béèrè: ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọlé? Ìbéèrè náà kì í dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú, títí kan àwọn kan nínú wa. Mo ṣì ń béèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ gidi wá ńkọ́? Fẹ́lóṣíìpù kì í ṣe ìlérí iṣẹ́. Ọdún kan ni, nígbà mìíràn méjì. Ohun tí gbogbo wa ń wá ni iṣẹ́ tó ń lọ sí tenure, tí wọn kò lè dédé gbà lọ́wọ́ èèyàn, irú ààyè bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣí ju ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì tàbí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá rí owó tuntun. Mo ti rí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gba ẹni tuntun lọ́dọọdún, tó ń fi fọ́tò wọn hàn lọ́dọọdún, tí kò sì tíì gba ẹnì kan nínú wọn síṣẹ́. Ìyẹn bí mi nínú. Àwọn ọmọ á mọ olùkọ́ kan, wọ́n á fọkàn tán an, á lọ. Òmíràn á dé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tèmi ní ààyè kan tó ń bọ̀ wá ṣí, wọ́n sì sọ fún mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n polówó rẹ̀ fún gbogbo ayé, èmi náà fi ìwé sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, mo kọ́ kíláàsì kan níwájú ìgbìmọ̀ wọn. Àwọn ọmọ tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ mí, èmi náà mọ̀ wọ́n. Mi ò ní í purọ́ pé ìyẹn kò ràn mí lọ́wọ́.

Nítorí náà, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá kàn sí yín, ẹ ṣe sùúrù kí ẹ tó yọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ní ààyè tó máa ṣí láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ẹ béèrè ibi tí àwọn tó ti gba fẹ́lóṣíìpù náà ṣáájú yín wà báyìí, kí ẹ sì wá ọ̀kan nínú wọn bá sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó máa tọ́ yín sọ́nà, àti bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì dín iṣẹ́ tirẹ̀ kù kó lè ráyè ṣe é. Ìdáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló máa ń sọ òótọ́ jù, nítorí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta kò lè jókòó fa ìlà sí sílábọ́ọ̀sì ẹlòmíràn.

Ojú ọjọ́ ti yí padà láti ìgbà tí mo wọlé. Ní 2022, Ford Foundation, tí fẹ́lóṣíìpù rẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú dìde, kéde pé àwọn máa parí ètò náà. Ní oṣù kẹfà 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Yunifásítì Harvard àti ti North Carolina pé kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀yà gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Gbígba akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹjọ́ náà dá lé, kì í ṣe gbígba olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn lọ́yà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba tuntun fọwọ́ sí àṣẹ tó dojú kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní tààrà. Àwọn kan ti yí orúkọ fẹ́lóṣíìpù wọn padà, àwọn kan ti mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kúrò nínú ìkéde, àwọn mìíràn ti dákẹ́. Èmi ń jókòó sí ìgbìmọ̀ tó ń ka ìwé àwọn tó ń bọ̀ báyìí. Kí wọ́n pe fẹ́lóṣíìpù náà ní orúkọ tí wọ́n bá fẹ́. Ohun tí mò ń jà fún nínú ìpàdé ni pé kí owó náà má kúrò nínú ìwé ìṣirò, kí ẹni tó bá sì dé má kọ́ ju kíláàsì kan lọ ní sáà kan.

Ìgbà ìwọ́wé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn fẹ́lóṣíìpù yìí ń gba ìwé. Ẹ má dúró de ìkéde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá àwọn tó máa kọ lẹ́tà fún yín sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹjọ, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni, kí wọ́n wá jókòó sínú kíláàsì yín lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè kọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ka lẹ́tà òun kó tó fi ránṣẹ́, kó fi í ránṣẹ́ sí mi kó tó di ìparí oṣù kẹsàn-án. Màá kà á, màá sì fa ìlà sí i.